Bí Mítà Ilé Wa Ṣe Bọ́ Síta

Ọjọ́rú, 8 Júùnù 1988

Òórùn ló wá pàdé mi lójú títì. Mo rò pé ajá ló kú sẹ́yìn ilé ẹnìkan, àfi ìgbà tí mo ṣílẹ̀kùn yàrá mi. Fíríísà mi ni. Títúsì, kòte, pańla, gbogbo ẹ̀ ti rà, omi pupa ti ṣàn dé abẹ́ ibùsùn. Ibi òkú ni mo lọ ní Àrámọkọ, n kò lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ níbẹ̀. Iná wà ní gbogbo àdúgbò. Ilé tiwa nìkan ni kò sí.

Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá Fáṣọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, níbi tí bàbá wa fi mítà sí nígbà tí iná kọ́kọ́ dé Ẹ̀fọ̀n. Àgádágodo ńlá ló wà níbẹ̀. Òun àti Fúnmiọlá ọmọ rẹ̀ nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́. Fúnmiọlá ti padà sílé ẹ̀kọ́ ní Adó, bàbá rẹ̀ wà ní ahéré. Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, iná sì dé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló yọ fíùsì?" Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Bó bá jẹ́ èmi ni ńkọ́?"

Mo da ẹja náà sínú kòtò lẹ́yìnkùlé, mo sì sunkún. Nígbà tí ẹkún tán, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, ó sì tù mí lára ju ẹkún lọ.

Ọjọ́bọ̀, 9 Júùnù

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Kò tíì pẹ́ tó yọ fíùsì sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ nítorí obì tí mo ká lára igi bàbá wa. Ó jókòó sínú òkùnkùn tòun tèmi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ojú tirẹ̀ náà ìbá fọ́, bí tèmi bá ti fọ́, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní obìnrin tó dálémosú kò ní ìpín nínú igi, kò sì ní ìpín nínú iná. Bàbá kan náà ló bí wa, ìyá ló yàtọ̀. Ọkọ ni mo kọ̀, n kò kọ bàbá mi.

Ìgbà yẹn, obì ni. Ìgbà yìí, ẹja mi ni, tí mo fi ń jẹun. N ó gbẹ̀san. Mo kọ ọ́ síbí kó má baà rọ̀ mí lọ́kàn.

Àbámẹ́ta, 11 Júùnù

Kò sí ẹja lọ́jà. Oníbàárà mi kan kọjá lójú mi, ó lọ rà lọ́dọ̀ ẹlòmíì, ó ṣe bí ẹni pé kò rí mi.

Fáṣọ̀rọ̀ ń rìn kiri ilé láti àárọ̀, ó ń pariwo pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tan áyọ́ọ̀nù mọ́ nínú ilé yìí. Ahun! Èmi ń ṣọ̀fọ̀ ẹja, òun ń ṣírò owó iná.

Ìṣẹ́gun, 14 Júùnù

Ẹni tó ń ka mítà wá lónìí, ó bá àgádágodo bó ṣe máa ń bá a. Ó ní ojú ẹni tó ń kà á ló yẹ kí mítà wà, kì í ṣe inú yàrá ẹnikẹ́ni. Ó ní ibi tuntun tí wọ́n ń fa iná sí báyìí, ara ògiri ìta ni wọ́n ń kàn án mọ́. Mo ní, ṣé ilé àtijọ́ náà lè gbé tirẹ̀ síta? Ó ní kí onílé ṣáà kọ̀wé, kó wá ẹni tó mọ iṣẹ́.

Mo bu omi tútù fún un, mo fi àkàrà tì í. Ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀ mọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. N kò ní bá Fáṣọ̀rọ̀ jà. N ó kàn gbé ohun tó fi ń jọba kúrò nínú yàrá rẹ̀.

Ọjọ́rú, 22 Júùnù

Abdulazeez tó máa ń fa iná sílé àwọn èèyàn wá wo ilé. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, púláyà kò kúrò lápò rẹ̀. Ó yí ilé po. Ògiri ẹ̀yìn, àgbàrá tó ń ti orí òkè wá ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ògiri ẹ̀gbẹ́, òjò ń gbá a tààrà. Iwájú nìkan ló kù, lábẹ́ etí páànù tó gùn, tó kọjú sí òpó iná. Ó dúró síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orí.

"Àǹtí, ibí ló dáa jù. Àmọ́ ẹ wo òkúta tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

Òkúta Ògún ilé wa ni, tòun ti màrìwò. Bàbá bàbá wa ló gbé e síbẹ̀. Mo ní kó máa wọ̀n ọ́n nìṣó.

Àpótí irin ló sọ pé òun máa kàn, tó ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́. Mítà á wà nínú rẹ̀, súìṣì méjì á wà nísàlẹ̀ mítà, ọ̀kan fún ìhà Fáṣọ̀rọ̀, ọ̀kan fún ìhà tèmi, kálukú pẹ̀lú fíùsì tirẹ̀. Mo ní, "Tí èèyàn bá pa ti apá kan, ti apá kejì kò ní kú?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó tún un sọ. Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n kó oyin fún.

Ẹtì, 24 Júùnù

Fáṣọ̀rọ̀ gbọ́. Ó mú àdá, ó dúró níwájú ògiri. "Ògiri Ògún nì í! Ẹni tó bá fi irin kàn án, irin náà á kàn án!" Àwọn tó ń ti oko bọ̀ dúró wòran. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ó lọ bá Bàbá Awótúndé."

Àìkú, 26 Júùnù

Ọjọ́ ńlá lèyí. Ojú ìsìn ni mo ti lọ tààrà sílé Bàbá Awótúndé, olórí ẹbí wa. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Fáṣọ̀rọ̀ ro tirẹ̀, mo ro tèmi. Bàbá fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Fáṣọ̀rọ̀, yèsí ló ni irin?"

"Ògún ni, Bàbá."

"Yèsí ló ni uná tó ń rìn nínú irin?"

Fáṣọ̀rọ̀ ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ọmọ rẹ̀ rèé tí ùwọ ń tì mọ́ yàrá bí ewúrẹ́. Kí wọ́n gbé mítà náà wá sójú Ògún. Bọ́sẹ̀dé ọmọ ulé yìí ni. Ògiri bàbá rẹ̀ ni."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Bàbá tún ní kí gbogbo wa búra lójú Ògún, pé ẹnikẹ́ni kò ní fi àpótí yẹn fìyà jẹ ẹnìkejì. Ó ní ta ló máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ní èmi ni. Ọmọ ìjọ ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ògún ilé bàbá mi mọ orúkọ mi, mo sì ti ń hun ọ̀rọ̀ náà bọ̀ láti ọ̀nà. Bí mo ṣe sọ ọ́ rèé:

"Ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí tó bá pa iná ẹnìkejì rẹ̀, àti ẹni tó ti pa á rí tí kò tíì jẹ́wọ́, kí Ògún má ṣe dá a sí. Kí ọjọ́ ayọ̀ rẹ̀ di ọjọ́ òkùnkùn."

Bàbá ní, "Bọ́sẹ̀dé, ẹyin lọ̀rọ̀ o." Mo ní mo mọ̀.

Ṣùgbọ́n Fáṣọ̀rọ̀ ni kí ẹ wò! Ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, jọ̀wọ́, yọ èyí tó ti kọjá kúrò. Jẹ́ kí tàná lọ." Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò gbọ́ "àbúrò mi" lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo ní ohun tí mo sọ ni mo sọ. Ó gbé àdá tí Bàbá fi síwájú wa, ó gbé e sílẹ̀, ó tún un gbé, kó tó fi ẹnu kan ojú rẹ̀. Èmi fi tèmi kàn án kíá.

Ọ̀daràn máa ń mọ ara rẹ̀. Mo sùn dáadáa.

Ajé, 4 Júláì

Òjò. Kùrukùru bo òkè mọ́lẹ̀, èèyàn kò rí títì. Iṣẹ́ kò ṣeé ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 7 Júláì

Wáyà tí Abdulazeez ní kí n rà ti fi ìlọ́po méjì wọ́n sí i. Wọ́n ní Sáàpù ni, ètò tí ìjọba fi sọ nǹkan di ọ̀wọ́n. Gbogbo nǹkan ni Sáàpù báyìí, tí ìyàwó bá sá lọ, Sáàpù ni. Mo ta aṣọ òkè kan tí ọkọ mi àtijọ́ rà fún mi. Ó dùn mọ́ mi láti tà á.

Ìṣẹ́gun, 12 Júláì

Wọ́n lu ògiri lónìí. Kò sẹ́ni tó lè lù ú láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ Ògún, ta ló sì ń bọ Ògún ilé wa? Fáṣọ̀rọ̀ ni, òun ni àkọ́bí ọkùnrin. Ọ̀tá mi fúnra rẹ̀ ló jí ní kùtùkùtù, tó da epo sórí òkúta, tó ní kí ọ̀nà là fún iṣẹ́ tèmi. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń ṣe "Àṣẹ!" sókè ju bó ṣe yẹ lọ.

Abdulazeez dúró sí ọ̀ọ́kán títí wọ́n fi ṣe tán. Ó wá sọ Bísímílà tirẹ̀, ó gbé òòlù. Ògiri amọ̀ àtijọ́, ó ń wó ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ihò tó yẹ kó gba páìpù kan gba orí ewúrẹ́. Ó ní, "Àǹtí, a ó ra sìmẹ́ńtì." Mo ní Sáàpù gbọ́.

Ẹtì, 15 Júláì

Ilé wà lókùnkùn, wọ́n ti já wáyà ti inú. Mo ti ta ẹja tó kù kí wọ́n tó já a. Mo wo inú yàrá Fáṣọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé. Ibi tí mítà wà rí tẹ́lẹ̀ mọ́ tónítóní lára ògiri tó dúdú, bí ojú ilà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Ó jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀bà. Àánú rẹ̀ fẹ́ ṣe mí. Mo lọ gbóòórùn fíríísà mi, àánú náà lọ.

Àbámẹ́ta, 23 Júláì

IṢẸ́ PARÍ. Àwọn oníná wá so ó mọ́ òpó. Abdulazeez kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fa fíùsì yọ àti bí wọ́n ṣe ń wé wáyà tuntun sí i, ó ní kí n má fọwọ́ tútù kàn án láéláé. Mo tan súìṣì ìhà tèmi, iná dé. Mo tan ti Fáṣọ̀rọ̀, iná dé. Mo ti àpótí, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà nídìí àpótí aṣọ mi. Fáṣọ̀rọ̀ kò béèrè rẹ̀. Kò tilẹ̀ wo òkè.

Ajé, 8 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ẹja kún fíríísà. Wọ́n sọ fún mi lọ́jà, kì í ṣe nílé o, lọ́jà, pé àwọn àna Fúnmiọlá ń bọ̀ láti Erijiyan lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, fún ìdána. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n! Ẹ̀yìn mi ló ti mọ orin. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń la ẹja. Bàbá rẹ̀ kò fi mí sára àwọn ọmọ ilé tó máa gba àlejò.

Mo fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọrùn mi. Wọ́n á háyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n á háyà fìríjì ọtí. Mo mọ ohun tí n ó ṣe. Nígbà tí ẹnu wọn bá dùn jù lọ, n ó kàn gbé ìka sókè báyìí.

Ìṣẹ́gun, 9 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo rántí ìbúra. "Ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí." Èmi náà jẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹnu mi ni mo fi de ara mi lọ́wọ́! N kò jẹun àárọ̀.

Àìkú, 14 Ọ́gọ́ọ̀sì

Fúnmiọlá ti dé láti Adó. Ó rù. Ó kí mi láti ọ̀ọ́kán, ó sì ń fi ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, ó ń fi jáde, kò gba iwájú rárá. Mo rò pé oyún ni. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ oyún, inú mi á dùn jù.

Àìkú, 28 Ọ́gọ́ọ̀sì

N ó kọ ọ́ bó ṣe rí.

Lánàá, àwọn àna dé kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀rọ ń ké, fìríjì méjì ń kùn, fáànù ń fẹ́, gbogbo ẹ̀ lórí wáyà ìhà Fáṣọ̀rọ̀. Mo wà lẹ́yìnkùlé níbi ẹja tí mò ń dín, tèmi ni mò ń ṣe. Lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ariwo dákẹ́. Iná tèmi wà. Tiwọn ti lọ.

N kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo búra, n kò fọwọ́ kàn án. Fíùsì ni kò gba ẹrù tí wọ́n dì lé e. Ṣùgbọ́n mo dúró sídìí agbada mi, ẹ̀rín sì wá dé ẹnu mi láìpè, torí ìbúra sọ nípa ẹni tó bá pa iná, kò sọ nípa ẹni tó bá pẹ́ kó tó lọ tàn án.

Fáṣọ̀rọ̀ wá. Agbádá rẹ̀ wọ́ ilẹ̀. "Bọ́sẹ̀dé, jọ̀wọ́, àwọn àlejò." Mo ní mo ń bọ̀. Mo yí ẹja. Ó dúró. Mo kó ẹja jáde, mo da òmíràn sí i. Ó ṣì dúró, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo lọ wẹ̀. Mo wọ aṣọ, mo wé gèlè, mo tú u, mo tún un wé. Nígbà tí mo jáde síwájú ilé, gbogbo àwọn àna yíjú sí mi.

Ó wá ku èyí tí mo ti ń fi pamọ́ sínú láti Júùnù. Mo ṣí àpótí. Òkúta Ògún wà lẹ́sẹ̀ wa, kò sí ẹni tó ń purọ́ níbẹ̀ nínú ìran wa. Mo yíjú sí i, mo fọhùn kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kí n tó tàn án. Ta ló pa iná mi lọ́jọ́ tí ẹja mi bàjẹ́?"

Mo fẹ́ kó ní, "Èmi ni," lójú àwọn àna rẹ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni mo ṣe lu ògiri bàbá mi.

Kò sọ ọ́. Ó wo òkúta, ó tún wo ẹnu ọ̀nà ilé. Mo ní, "Ẹ dáhùn o, ojú Ògún la wà." Omi lé ròrò sí i lójú.

Ẹnìkan di aṣọ mi mú láti ẹ̀yìn. Fúnmiọlá ni, tòun ti aṣọ ìdána. Ó fi ẹnu sí etí mi.

"Àǹtí, èmi ni. Áyọ́ọ̀nù ni mo fi lọ aṣọ, nǹkan bú gbàù, gbogbo ilé ṣókùnkùn. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti yàrá, mo sá lọ sí Adó. N kò rántí ẹja yín. Ògún ti mú mi, Àǹtí. Ẹ wò ó, ọjọ́ ayọ̀ mi ló di òkùnkùn."

Ọ̀rọ̀ mi ló ń kà fún mi. Wọ́n ti sọ ìbúra náà fún un, kò sì fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ìdí tó fi ń gba ẹ̀yìn nìyẹn. Ìdí tí bàbá rẹ̀ fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí tàná lọ nìyẹn. Ọmọ tí mo pọ̀n ni mo fẹnu ara mi ṣépè fún, mo sì tún lọ sùn dáadáa.

Àgbà kan nínú àwọn àna ní, "Ìyá, ṣé kò sí wàhálà?"

Mo yọ fíùsì. Mo wé wáyà tuntun sí i. Mo wé e lẹ́ẹ̀mejì kó tó mú. Mo ní, "Kò sí o, Bàbá. Wáyà fíùsì ló jó." Òótọ́ ni, Ògún gbọ́ mi. Mo tan súìṣì, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Fáṣọ̀rọ̀ nu ojú rẹ̀. Ó wá yíjú sí àwọn àna, ó ní, "Ẹ kò tíì mọ àbúrò mi. Ọmọ bàbá mi nì í. Òun ló pọn ìyàwó yín." Ohun tí mo ti ń wá láti ọdún tí mo ti padà wálé nìyẹn. N kò lè gbé ojú sókè láti gbà á.

Ajé, 29 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo kan ilẹ̀kùn Fáṣọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Kùrukùru wà. Ó ti jókòó, ó ti sun iṣu, ẹmu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti obì. Ó ní òun mọ̀ pé n ó wá.

A kúnlẹ̀ síwájú òkúta, lábẹ́ àpótí, òun àti èmi àti Fúnmiọlá láàárín. Ó ta omi tútù sílẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo sọ ọ́. Ìwọ náà ni kó o kó o padà."

Mo rántí gbogbo rẹ̀, torí mo ti hun ún dáadáa. Mo yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ "ẹni tó ti pa á rí," mo di ọwọ́ Fúnmiọlá mú. Fáṣọ̀rọ̀ dúró dè mí, kò kán mi lójú. Nígbà tí mo dé "ọjọ́ ayọ̀ rẹ̀," Fúnmiọlá gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀. Bàbá rẹ̀ pa obì. Ó ní Ògún gbà.

Nígbà tí ọmọ wọlé, mo ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ pé, 'Bó bá jẹ́ èmi ni ńkọ́?' Ẹ jẹ́ kí n kórìíra yín láti Júùnù."

Ó ní, "Kí lo fẹ́ kí n sọ? Ọmọ mi ni."

Ó na èsun iṣu sí mi. Mo gbà á, mo jẹ ẹ́. Mo wọlé lọ mú kọ́kọ́rọ́ kejì, mo fi lé e lọ́wọ́, ó sì so ó mọ́ ọrùn lábẹ́ bùbá.

Ti igi obì bàbá wa, ìyẹn kò tíì tán.